Funfun Inú Ilé Ìwẹ̀

Ìyá Ìbéèrè gbé búláòsì tuntun kan gba orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Nígbà tí aṣọ náà bo ojú arúgbó náà, fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, arúgbó náà kò pariwo. Ì bá pariwo, ìyẹn ì bá sàn. Ńṣe ló dákẹ́ lọ gbáà. Ó di èémí mú, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, ara rẹ̀ le bí igi, ó wá ń dúró de nǹkan.

Ìyá Ìbéèrè sáré fa aṣọ náà wálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wò ó. Ògiri ló ń wò. Ó fi ohùn kékeré béèrè, bí ọmọ tó sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ṣé Funfun ti lọ?"

"Ta ni Funfun?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Yóò gbọ́."

Ìyá Ìbéèrè ká apá búláòsì náà sókè. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sábẹ́ awọ ní ojú mẹ́rin, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn bí ẹyẹ tó bà lórí okùn. Lódìkejì apá náà, ẹyọ kan wà tó tóbi ju gbogbo wọn lọ. Nísàlẹ̀ wọn, àwọn ti àtijọ́ ti pọ́n bí ọsàn tó ti kẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà yìí tẹ̀ ẹ́ láago: màmá ṣubú. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láago: màmá tún ṣubú. Ó fi ìka ara rẹ̀ wọn ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bára mu.

"Ilẹ̀ kì í ní àtàǹpàkò," ló sọ fún ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọlọ́pàá ló sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè; wọ́n ní tó bá jókòó ti òkúta tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ọ̀rọ̀, òkúta á làágùn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò sì rẹ́ni bi í àfi ara rẹ̀. Oṣù méje sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbàgbé ìkòkò sórí iná lẹ́ẹ̀mejì tí ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná, òun ló mú un wá síbí. Òun ló buwọ́ lùwé. Bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, aṣọ ríran ló sì fi tọ́ ọ. Aṣọ iṣẹ́ tí Ìyá Ìbéèrè kọ́kọ́ wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán an, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì tú u nítorí pé èjìká rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹni tó pọ̀n ọ́ dàgbà, ta lo wá gbé e lé lọ́wọ́?

Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí ibùsùn, ó jókòó tì í títí ó fi sùn, ó wá pe Sájẹ́ńtì.

*

Sájẹ́ńtì dé ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni. Ó ti yọkùn, ewú sì ti wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n títí di òní, bó bá ti rí Ìyá Ìbéèrè ńṣe ló máa ń nà gbọnrangandan. Dókítà tó bá a wá yẹ àwọn àgbàlagbà méjèèjìlá inú ilé náà wò. Ẹni mẹ́fà ló ní ojú ìka lára. Gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ń gbé ní yàrá apá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn apá ọ̀tún, kò sí ohunkóhun lára wọn.

"Màmá, iṣẹ́ ti tán nìyẹn," Sájẹ́ńtì ní. Ó ti ṣí ìwé tí àwọn olùtọ́jú fi ń kọ ẹni tó wẹ ta ni sílẹ̀. "Olùtọ́jú méjì ló ń wẹ̀ wọ́n láràárọ̀. Apá ọ̀tún, ti ẹni tí wọ́n ń pè ní Ohùn-Oyin. Apá òsì, ti ẹni tí wọ́n ń pè ní Àrá. Ẹ wo ìbuwọ́lù. Àrá, Àrá, Àrá, oṣù mẹ́ta gbáko."

"Kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní Àrá?"

Kí Sájẹ́ńtì tó lanu, ohùn kan bú láti ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ta ló tún gbé kẹ̀kẹ́ sójú ọ̀nà? Ṣé imú mi lẹ fẹ́ kí n fi nu ilẹ̀ ni?"

Gíláàsì fèrèsé mì.

"Ẹ ti gbọ́ ọ," Sájẹ́ńtì ní.

*

Ìyá Ìbéèrè ti ní kí Sájẹ́ńtì pàṣẹ pé kí wọ́n má wẹ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó lọ jókòó sáàárín àwọn àgbàlagbà ní pálọ̀. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ bí ẹní sórí ilẹ̀ aláràbarà náà. Bàbá kan ń wá awò ojú tó wà lórí rẹ̀. Màmá méjì ń jiyàn lórí ọjọ́ tí a wà, èkíní ní ọjọ́ Ẹtì, èkejì ní ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́rú ni.

Aago ara ògiri lù mẹ́wàá, àkókò ìwẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ di ojú. Lẹ́yìn náà ni ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bàbá tó ní ọ̀pá. Lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fẹ́ fìtílà pa láti yàrá dé yàrá, ẹni márùn-ún di ojú wọn pinpin, wọ́n sì ká apá mọ́ àyà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn apá ọ̀tún ń bá iyàn wọn lọ ní tiwọn, bí ẹni pé ògiri wà láàárín wọn.

Irun ọrùn Ìyá Ìbéèrè dìde. Ó ti wọ ilé tí wọ́n ti pa ènìyàn rí, ẹ̀rù kò bà á tó èyí.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn apá òsì ni kò di ojú: Bàbá Télọ̀, tí ojú rẹ̀ fọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Òun ṣáà dẹ etí sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀.

Ìyá Ìbéèrè kúnlẹ̀ ti bàbá tó ní ọ̀pá náà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ń sá fún?"

"Funfun."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó funfun."

"Ṣé ó ga? Ṣé ó sanra?"

"Mo ní ó funfun." Bàbá náà bínú díẹ̀. "Gbogbo rẹ̀ ló funfun. Láti òkè dé ilẹ̀."

"Ohùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò lóhùn. Omi ló ń sọ̀rọ̀."

Sájẹ́ńtì fa Ìyá Ìbéèrè lápá. Ọ̀gá ilé náà ló ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin tó máa ń wọ kóòtù funfun gígùn bíi dókítà, bẹ́ẹ̀ kò ṣe dókítà, kò sì jọ ọ́. "Màmá, ẹni funfun rèé o."

"Ọ̀gá," Ìyá Ìbéèrè pè é, "ẹ bá wa gba àárín wọn kọjá díẹ̀."

Ọkùnrin náà kọjá. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbéèrè la ojú, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Bùrọ̀dá," ó ní, "bọ́tìnnì yín kan ti já." Bàbá tó ní ọ̀pá ní kí wọ́n bá òun fi ṣúgà kún tíì òun. Kò sẹ́ni tó gbọ̀n.

"Òun kọ́," Ìyá Ìbéèrè ní.

*

Wọ́n pe Àrá sí ọ́fíìsì. Obìnrin ńlá ni, ó lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, ó jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde sáré.

"Kó yé yín o," ó ti ń sọ kí wọ́n tó bi í, "èmi kò na ẹnikẹ́ni! Ẹnu mi ló le. Ẹnu ò sì lè dá ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ awọ."

"Ta ló wẹ ẹ̀gbọ́n mi lánàá?"

"Ìwé kò sí níwájú yín ni? Èmi ni."

"Omi wo?"

"Lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́."

Bíírò bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbéèrè, ó yí lọ sẹ́sẹ̀ Àrá. Àrá wò ó nílẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ tì í lọ, ó fi ẹsẹ̀ fà á bọ̀, títí ó fi dé ibi tí Ìyá Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ti lè mú un.

"Ó ṣé, ọmọ mi. Àpá iṣẹ́ abẹ tó wà lára ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti san dáadáa?"

"Ó ti ń san. Mo máa ń rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Apá ibo ló wà?"

Àrá gbé itọ́ mì. "Màmá, ẹni mẹ́fà ni mò ń wẹ̀. Ṣé àpá ni n ó máa há sórí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kò ṣe iṣẹ́ abẹ rí láyé rẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn Àrá wálẹ̀. "Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ mọ́." Omijé ń yí lójú rẹ̀, kò sì jẹ́ kó bọ́.

Bó ti jáde, Sájẹ́ńtì na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ẹ rí i? Irọ́ ló ń pa. Ọ̀gá mi ti ní kí n mú un dé kó tó di aago méjì."

"Irọ́ ló ń pa, àmọ́ irọ́ mìíràn ni. Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mú bíírò nílẹ̀, báwo ló ṣe ń gbé àgbàlagbà kúrò lórí àga ìwẹ̀? Obìnrin yìí kò wẹ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kàn ń buwọ́ lùwé ni."

"Ẹ̀rí dà, Màmá?"

"Aago mélòó lo ní?"

"Mọ́kànlá kù díẹ̀."

"Aago méjì ṣì jìnnà. Ó tó."

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohùn-Oyin ló gbé tíì wọlé, olùtọ́jú tí àwòrán rẹ̀ kún ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun àti arúgbó yìí, òun àti arúgbó tọ̀hún, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn bí orin ìrẹmọlẹ́kún. Àwọn ẹbí tó ń wá kí ènìyàn wọn ní aago mọ́kànlá, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè.

"Màmá mi àtàtà, ẹ ò tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀." Ó gbé ife náà kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ ṣàánú Àǹtí Àrá wa. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bóyá ọwọ́ wọn ló kàn wúwo. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n há wọn mọ́lé."

"Ta ni yóò wá máa wẹ àwọn apá òsì?"

"Èmi náà ni, mà. Ọ̀gá ti sọ fún mi. Láti ọ̀la, gbogbo wọn di tèmi."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jáde. Ìyá Ìbéèrè wo tíì náà títí ó fi tutù. Kò mu ún.

*

Ilé ìwẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Táìlì aláwọ̀ ewé, àga oníke kan lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, táwẹ̀lì funfun tí wọ́n ká jọ sórí pẹpẹ. Ẹnu ẹ̀rọ náà kò dé dáadáa. Ó ń kán tó, tó, tó.

Ìyá Ìbéèrè jókòó sórí àga oníke náà tòun ti aṣọ lọ́rùn. "Sájẹ́ńtì, mú táwẹ̀lì kan. Fi bò mí lójú."

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun ṣá?"

"Bò mí lójú."

Táwẹ̀lì náà bọ́ sí i lórí. Ayé di funfun. Níwájú, lẹ́yìn, lókè, nílẹ̀, funfun ni. Ó ń gbọ́ omi, tó, tó. Ó mọ̀ pé Sájẹ́ńtì ló dúró tì í, ó mọ̀ pé ọ̀sán gangan ni, ó mọ̀ pé ó lè dìde nígbà tó bá wù ú. Síbẹ̀, nígbà tí aṣọ Sájẹ́ńtì fara kàn án lápá, ó rí i pé òun ti di èémí mú.

Ó ṣí i kúrò. Ojú rẹ̀ ti ràn. "Funfun kì í ṣe ènìyàn. Táwẹ̀lì ni. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa látọjọ́ yìí, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni. Àwa la rò pé àrán ni wọ́n ń ṣe."

"Kí ló dé tí ẹni náà fi ń bo ojú wọn? Àwọn tí kò rántí oúnjẹ àárọ̀?"

"Ìyẹn gan-an ni kí o bi ara rẹ. Ta ni yóò bẹ̀rù ojú ẹni tó ń gbàgbé?" Ó dìde, ó di àga mú. "Ẹni tó mọ̀ wọ́n dáadáa ni. Orí wọn ń gbàgbé, ara wọn kì í gbàgbé. Bí wọ́n bá rí ojú ẹni tó ń pa wọ́n lára, ara wọn á máa gbọ̀n nígbàkígbà tó bá wọ pálọ̀, níwájú ọmọ wọn, níwájú àlejò. Ìyẹn kì í ba Àrá lẹ́rù, gbogbo wọn ló ti ń ta gìrì sí ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àti pé Àrá yẹn, ṣé o rò pé ó lè wẹ ènìyàn kan tán láìsọ̀rọ̀?"

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín láìmọ̀. "Kò lè sùn láìsọ̀rọ̀."

"Funfun kò lóhùn. Ẹni tó ń pa ohùn rẹ̀ mọ́, ohùn náà níye lórí fún un. Ẹni tó ń pa ojú rẹ̀ mọ́, ojú náà ló fi ń jẹun. Ó wá mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn tí orúkọ ẹlòmíràn wà níwájú wọn nínú ìwé. Àwọn tirẹ̀ ní apá ọ̀tún, kò fọwọ́ kàn wọ́n."

Sájẹ́ńtì gba ẹnu ọ̀nà wo àwòrán Ohùn-Oyin lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Àmọ́ ọgbọ́n orí ni gbogbo èyí, Màmá. Ọ̀gá mi á ní kí n gbé ẹ̀rí wá kóun fi ọwọ́ kàn án."

"Ó dáa. Ta ni kò di ojú ní aago mẹ́wàá?"

*

Bàbá Télọ̀ wà nínú yàrá rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ́ etí aṣọ ibùsùn, ó ń wá ibi tó wọ́.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó."

"Ta nìyẹn? Aṣọ yín, òwú ni. Ẹ ti fọ̀ ọ́ jù."

"Ẹ kú ojú inú. Bàbá, ẹ ò bẹ̀rù Funfun?"

"Funfun kọ́." Arúgbó náà yọ ṣùtì. "Àwọn yẹn ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi nǹkan bo ojú wọn. Tèmi, kí ló fẹ́ bò níbẹ̀?"

"Ẹ mọ ẹni náà?"

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ ọ́n? Kì í sọ̀rọ̀. Á fún mi lápá bí ẹni ń fún aṣọ tútù, á da omi tútù lé mi láyà, kí n lè dúró jẹ́ẹ́, kó lè yára. Mo sọ fún ọmọ mi. Ọmọ mi ní, 'Bàbá ti ń ṣàrán.' Ta ni n ó tún sọ fún?" Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú ègé ṣọ́ọ̀kì kan jáde, pẹlẹbẹ, bíi èékánná ńlá, irú èyí tí télọ̀ fi ń sàmì sára aṣọ, tó ní ọ̀rá nínú. "Ni mo bá ń kọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí mo ti ń kọ ọ́, kò sẹ́ni tó kà á nílé yìí. Mo rò pé èmi nìkan kọ́ ni ojú ń dùn."

"Níbo lẹ kọ ọ́ sí?"

"Níbi tí ọwọ́ mi bá dé nígbà tó bá gbé mi dìde. Èmi á dì mọ́ ọn níbàdí kí n má baà ṣubú. Ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀ ni."

"Kí lẹ kọ, bàbá?"

"Ohun tí gbogbo télọ̀ ń kọ síbi tí iṣẹ́ bá ti bàjẹ́."

Ìyá Ìbéèrè kò tún béèrè. Ilé aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ó mọ àmì náà bó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ìlà méjì tó dábùú ara wọn: tú ibí yìí, tún un ṣe. Irú rẹ̀ ló wà léjìká aṣọ ọlọ́pàá tòun lẹ́ẹ̀mẹta.

*

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí pálọ̀. Àrá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sájẹ́ńtì pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni tó ti gba kámú.

"Àrá, yí ẹ̀yìn rẹ sí mi," Ìyá Ìbéèrè ní.

Àrá yí padà. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, kò sí nǹkan lára rẹ̀ ju eruku ìyẹ̀fun lọ.

"Ohùn-Oyin, ìwọ náà, ọmọ mi."

"Màmá mi àtàtà, kí lẹ ń wá lẹ́yìn mi?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì yí padà.

Ìyá Ìbéèrè gbé okùn épírọ̀nù rẹ̀ sókè. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà méjì dábùú ara wọn, funfun báláú lórí búlúù. Àná ni wọ́n fà á. Sájẹ́ńtì gbé aṣọ iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn kalẹ̀, tí nọ́ńbà Ohùn-Oyin wà lọ́rùn wọn, èyí tó kó wá láti yàrá ìlọṣọ. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ti lọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n iná áyọ́ọ̀nù ti yọ́ ọ̀rá ṣọ́ọ̀kì náà wọnú òwú, àmì náà sì hàn níbẹ̀ bí òjìji, àmì lórí àmì, bí ojú tó ń wo ènìyàn láti inú omi.

"Bàbá Télọ̀ ló fà wọ́n," Ìyá Ìbéèrè ní. "Apá òsì ni bàbá wà. Ìwé sọ pé o kò wẹ bàbá rí. Kí ni bàbá wá ń wá níbàdí rẹ láràárọ̀?"

Àrá ló bú gbàù.

"Ẹ̀yìn mi ni! Ẹ̀yìn mi ló ń dùn mí! Dókítà ní n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo, bí ọ̀gá bá sì gbọ́, á lé mi. Òun ló ní, 'Àǹtí, ẹ máa bá mi pín oúnjẹ àárọ̀, ẹ máa buwọ́ lùwé yín, èmi á bá yín wẹ̀ wọ́n.' Mo rò pé àánú ni! Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún un!"

"Ọwọ́ rẹ kò kan ara wọn," Ìyá Ìbéèrè sọ fún un, "àmọ́ ọwọ́ rẹ wà nínú ìwé." Bó ti sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ náà yíjú padà bù ú jẹ. Ó kọjú sí olùtọ́jú kejì. "Ohùn-Oyin. Kí ló dé?"

Obìnrin náà ń tún épírọ̀nù rẹ̀ so. Ó rọra so ó, ó fa okùn rẹ̀ kó dọ́gba. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn náà ṣì dùn bákan náà.

"Ẹni méjìlá ni, mà, kí aago mọ́kànlá tó lù, kí àwọn ọmọ wọn lè bá wọn ní mímọ́ tónítóní. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í jà. Á dúró jẹ́ẹ́. Bó bá sì di ọ̀sán, wọ́n ti gbàgbé, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí mi." Ó wo ojú wọn yíká, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. "Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí, ṣé ó ṣẹlẹ̀?"

"Ó ṣẹlẹ̀," Bàbá Télọ̀ ní láti orí àga rẹ̀.

Sájẹ́ńtì mú Ohùn-Oyin lọ. Nígbà tó kọjá láàárín àwọn àgbàlagbà náà, ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbéèrè juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀.

*

Ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ tó kù. Wọ́n pe ọmọ àwọn márùn-ún tó kù lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà ya àwòrán ojú ìka wọ̀nyẹn. Ọ̀gá ilé, tí kóòtù funfun rẹ̀ ti rọ̀ mọ́ ọn lára, buwọ́ lùwé pé kò ní sí ẹni tí ẹnì kan ṣoṣo yóò máa wẹ̀ mọ́, pé ẹbí yóò sì máa wọlé nígbà tó bá wù wọ́n, láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Bàbá Télọ̀ dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ní kó dìde, pé ṣòkòtò rẹ̀ á wọ́.

"Màmá," Sájẹ́ńtì béèrè níbi tó ti ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀, "ṣé kí n kọ 'Funfun' síbí? Adájọ́ á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́."

Ìyá Ìbéèrè wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Arúgbó náà jókòó sétí ibùsùn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan. Wọ́n jókòó pọ̀ fún ìgbà díẹ̀, oòrùn ń wọ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "o dà bí ẹni tó láàánú. Jẹ́ kí n bi ọ́. Ta ló mú mi wá síbí?"

Ó lè ní dókítà ni. Ó lè ní ìjọba ni. Ó lè ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan mìíràn, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀rọ̀ náà á ti lọ. Ta ni yóò rántí?

"Èmi ni," Ìyá Ìbéèrè ní. "Èmi àbúrò yín. Èmi ni mo mú yín wá."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe.

"O jẹ́wọ́," ó ní níkẹyìn. "Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í jẹ́wọ́." Ó na apá sí i, apá tí ojú ìka mẹ́rin wà. "Ó ti tó. Fà mí dìde. Rọra o."

Ìyá Ìbéèrè rọra fà á dìde, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti mú un lọ sílé.